Àdéhùn Inú Ìwé: Ọ̀rọ̀ Òdodo Nínú Iṣẹ́ Àjọṣe Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́

Ní àwọn yunifásítì àti ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa, bóyá ni akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tí kò mọ bí iṣẹ́ àjọṣe ṣe máa ń rí. Olùkọ́ yóò pín kíláàsì sí ikọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún tàbí ẹlẹ́ni mẹ́wàá, yóò fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ní àkòrí, yóò sì dá ọjọ́ tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ tẹ òun lọ́wọ́. Wọ́n á dá gúrúùpù WhatsApp sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, ẹnìkan á di olórí, àwọn yòókù á fi àwòrán àtàǹpàkò dá a lóhùn pé àwọn ti gbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́kẹ́ á pa. Bó bá ku alẹ́ méjì, ẹni méjì tàbí mẹ́ta á jókòó ti iṣẹ́ náà títí ilẹ̀ á fi mọ́, orúkọ gbogbo wọn á wà lójú ìwé àkọ́kọ́, máàkì kan náà ni gbogbo wọn á sì gbà. Ohun tí àwọn olùkọ́ kan ń dábàá láti fi wo àìsàn yìí kò le rárá: kí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣí ìwé kan tí gbogbo wọn lè rí, tí gbogbo wọn sì lè kọ nǹkan sí, irú èyí tí Google Docs ti mú kí ó rọrùn láti ọdún 2006. Inú ìwé ètò àjọkọ yìí ni wọn yóò kọ iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ sí, àti ẹni tí yóò ṣe é, àti ọjọ́ tí yóò parí, àti ibi tí ó dé. Ìmọ̀ràn náà dà bí ọ̀rọ̀ ohun èlò lásán, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ àti àwọn ẹlẹ́sìn ti ń jiyàn lé lórí tipẹ́. Bí àwọn tó fọkàn tán ara wọn bá kọ àdéhùn wọn sílẹ̀, ṣé wọ́n gbé ìgbẹ́kẹ̀lé ró ni, àbí wọ́n ti gbẹ́ ihò sí ìdí rẹ̀? Èrò tèmi ni pé àkọsílẹ̀ yìí jẹ́ gbèsè tí ènìyàn jẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, olóòótọ́ ló sì jẹ ẹ́ jù, nítorí kò sí ẹni tó lè ṣe ẹlẹ́rìí pípé lórí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀.

Òwe wa sọ pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ bí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ń le tó nígbà tí wọ́n bá ti pọ̀. Max Ringelmann, ará Faransé kan tó jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀, dán èyí wò ní àwọn ọdún 1880, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1913. Ó ní kí àwọn ènìyàn fa okùn, lọ́kọ̀ọ̀kan àti lápapọ̀, ó sì ń wọn agbára tí wọ́n lò. Nígbà tí wọ́n pé mẹ́jọ nídìí okùn kan, agbára tí ẹnìkọ̀ọ̀kan mú wá ti sún mọ́ ìdajì èyí tí ì bá lò bó bá dá nìkan fà á. A lè rò pé àìfà á lẹ́ẹ̀kan náà ló fa àdínkù yìí. Ṣùgbọ́n ní 1974, Alan Ingham àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà di àwọn tó ń fa okùn lójú, wọ́n jẹ́ kí wọ́n gbà pé àwọn mìíràn ń bá wọn fà á lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ àwọn tó wà lẹ́yìn kò fa nǹkan kan. Agbára àwọn tí wọ́n dì lójú ṣì lọ sílẹ̀. Ní 1979, Bibb Latané, Kipling Williams àti Stephen Harkins rí irú rẹ̀ nínú àtẹ́wọ́ àti igbe kíké. Ohun tí àwọn mẹ́ta yìí tún rí ní 1981 ló kan ọ̀rọ̀ wa jù: nígbà tí àwọn tó ń kígbe mọ̀ pé a lè dá ohùn olúkúlùkù mọ̀ láàárín ohùn ẹgbẹ́, ìfàsẹ́yìn náà kásẹ̀ nílẹ̀. Steven Karau àti Williams kó ìwádìí 78 jọ ní 1993, wọ́n sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ènìyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ dẹwọ́ nígbà tí ipa tirẹ̀ bá hàn, tí iṣẹ́ náà bá jọ ọ́ lójú, tí ó sì gbà pé bí òun kò bá ṣe tòun, kò sí ẹlòmíràn tí yóò dí àlàfo náà. Àkọ́kọ́ àti ìkẹta nínú èyí ni ìlà kan nínú ìwé ètò ń ṣe lẹ́ẹ̀kan: ó fi orúkọ ẹnìkan sí iwájú iṣẹ́ kan, kò sì fi orúkọ ẹlòmíràn síbẹ̀.

Ìwádìí mìíràn wà tó gún mi lọ́kàn ju èyí lọ, nítorí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ wọn dáadáa ló bá wí. Ní 1979 yẹn náà, Michael Ross àti Fiore Sicoly ní Yunifásítì Waterloo ní Kánádà pín ìbéèrè fún tọkọtaya 37, ọkọ lọ́tọ̀, ìyàwó lọ́tọ̀, wọ́n sì ní kí ẹnìkọ̀ọ̀kan sọ ìwọ̀n tirẹ̀ nínú àwọn nǹkan tí wọ́n jọ ń ṣe nínú ilé, bí oúnjẹ àárọ̀, abọ́ fífọ̀ àti ìtọ́jú ọmọ. Nígbà tí wọ́n ro ti ọkọ mọ́ ti ìyàwó, àpapọ̀ rẹ̀ sábà máa ń ju odindi iṣẹ́ lọ. Ẹnìkan lè ní ìgbéraga ló fa èyí. Ṣùgbọ́n bákan náà ló rí nínú ohun tí kò buyì kúnni rárá, bí ẹni tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Kò sí ẹni tó ń fi ìjà yangàn. Ìrántí ló ń ṣe é: iṣẹ́ tí mo fọwọ́ ara mi ṣe, mo wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo rántí oorun tí n kò sùn àti ojú ìwé tí mo kọ tí mo sì pa rẹ́, iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi, èyí tó parí nìkan ni mo rí. Nítorí náà, bí ẹni márùn-ún tí wọ́n jẹ́ olóòótọ́ bá jókòó láti sọ ẹni tó ṣe jù, láìsí àkọsílẹ̀ kankan, ìjà ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀, kò sì sí òpùrọ́ kan láàárín wọn. Àwọn àgbà ní agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Nínú iṣẹ́ àjọṣe, olúkúlùkù ló ń gbọ́ ẹjọ́ ara rẹ̀ nìkan nínú ọkàn rẹ̀, tó sì ń dá a. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé olóòótọ́ ló nílò ìwé náà jù. Ọ̀lẹ mọ ohun tí òun kò ṣe. Ẹni rere ni kò mọ ibi tí ìwọ̀n tirẹ̀ pin sí.

David Hume, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Scotland, sọ ọ̀rọ̀ kan ní 1740 nípa àgbẹ̀ méjì tí oko wọn wà nítòsí ara wọn. Ọkà èkíní gbó lónìí, ti èkejì yóò gbó lọ́la. Ó yẹ kí wọ́n bá ara wọn kórè, ṣùgbọ́n kò dá èkíní lójú pé èkejì yóò san oore náà padà, èkejì náà kò sì ní ìdánilójú kankan; àkókò ìkórè kọjá, oko méjèèjì sì ṣòfò. Àwọn àgbẹ̀ Yorùbá ní ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ yìí, òun ni àáró. N. A. Fadipe, tó kọ ìwé ńlá lórí ìgbé-ayé Yorùbá fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1939, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1970, ya àáró sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀wẹ̀. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ ńlá, bí ilé kíkọ́ tàbí oko àna ríro, ló ń bẹ ọ̀wẹ̀. Yóò se oúnjẹ, yóò wá ẹmu, àwọn tó wá ràn án lọ́wọ́ kò sì ka ọjọ́ sí i lọ́rùn. Ti àáró yàtọ̀. Oko tèmi lónìí, oko tìrẹ lọ́la. Bí mo bá ti jẹ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, n kò ní ìsinmi títí n ó fi san án, bí ara mi kò bá sì yá, mo gbọ́dọ̀ wá ẹni tí yóò dúró fún mi. Ìfẹ́ wà nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n kíkà wà nínú ọ̀kan, kò sí nínú èkejì.

Lójú tèmi, ibí yìí ni ìjà inú ikọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Àáró ni iṣẹ́ wọn, nítorí orí ìwé èsì olúkúlùkù ni máàkì náà ń lọ, kò sí ẹnìkan tó ni ín ju ẹnìkan lọ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀wẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ń ṣe é, bí ẹni pé olórí ikọ̀ ló ni iṣẹ́, tó wá ń bẹ àwọn yòókù. Ẹni tó bá kọ ìpínrọ̀ kan ránṣẹ́ gbà pé òun ṣe olórí lóore. Ẹni tí kò ṣe nǹkan kan rò pé oore ni òun kò ṣe, kò mọ̀ pé gbèsè ni òun kò san. Ìwé ètò tí gbogbo wọn jọ kọ ni ó ń sọ fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ irú àjọṣe tí wọ́n wà nínú rẹ̀. Bí ẹnìkan bá wá béèrè pé àwọn aláàáró ìgbà àtijọ́ kò kọ ohunkóhun sílẹ̀, kí ló dé tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí nílò ìwé, ìdáhùn wà nínú oko fúnra rẹ̀. Ebè ṣeé fojú rí, ó sì ṣeé kà. Ẹni tó bá kọ ebè mẹ́wàá nígbà tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ogún kò lè fi pamọ́. Ìlú kan náà ni wọ́n jọ ń gbé, wọn yóò tún pàdé lọ́dún tó ń bọ̀ àti lọ́dún tó tẹ̀lé e. Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kò ní ojú báyìí. Ìwé kíkà, ìrònú, títẹ ọ̀rọ̀ sórí kọ̀ǹpútà ní òru nínú yàrá họ́sítẹ̀lì, kò sí ẹni tó ń rí i, ikọ̀ náà yóò sì túká nígbà tí sẹ́mẹ́sítà bá parí. Àkọsílẹ̀ ló wá gba ipò tí ojú gbogbo ènìyàn wà nínú oko.

Àwọn ìwé mímọ́ tí a ń kà kò fojú kékeré wo irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Orí kẹta ìwé Nehemáyà jẹ́ orí tí ọ̀pọ̀ oníwàásù máa ń fò, nítorí orúkọ lásán ló dà bí ẹni pé ó kún inú rẹ̀. Ẹni tó bá fara balẹ̀ kà á yóò rí i pé ètò iṣẹ́ ni: odi Jerúsálẹ́mù ni wọ́n ń tún mọ, wọ́n sì kọ ẹni tó mọ apá kọ̀ọ̀kan, láti Ẹnubodè Àgùntàn tí olórí àlùfáà àti àwọn arákùnrin rẹ̀ mú, títí kan àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà, àwọn tó ń po òróró olóòórùn dídùn, àti Ṣálúmù tó ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ọ̀pọ̀ wọn ló mú apá tó dojú kọ ilé tiwọn. Ẹsẹ karùn-ún wá sọ ohun kan tí n kò lè gbójú fò: àwọn ará Tékóà ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́lá wọn kọ̀ láti ti ọrùn bọ iṣẹ́ náà. Nígbà tó yá, nínú orí kan náà, a tún rí àwọn ará Tékóà tí wọ́n mú apá kejì. Bí a bá ti kọ ọ́ pé Tékóà ṣe tirẹ̀, kí a sì parí rẹ̀ síbẹ̀, àwọn ọlọ́lá tó káwọ́ gbera ì bá pín nínú iyì àwọn mẹ̀kúnnù tó ṣe ìlọ́po méjì. Bí orúkọ ikọ̀ ṣe máa ń bo orúkọ ènìyàn mọ́lẹ̀ lójú ìwé àkọ́kọ́ nìyẹn, òun gan-an ni Nehemáyà kò sì gbà fún.

Èyí tó jinlẹ̀ jù lójú mi wà nínú Àlùkùráànì, nínú Sura Al-Baqarah, áyà 282, tó jẹ́ áyà tó gùn jù lọ nínú ìwé náà. Àwọn onígbàgbọ́ ni ó ń bá sọ̀rọ̀, àwọn tó yẹ kí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn tó ara wọn. Àwọn náà gan-an ni ó pàṣẹ fún pé bí wọ́n bá dá gbèsè sílẹ̀ láàárín ara wọn títí di ọjọ́ kan pàtó, kí wọ́n kọ ọ́, kí akọ̀wé kọ ọ́ pẹ̀lú òdodo, kí ẹlẹ́rìí wà, kí ó má sì sú wọn láti kọ ọ́, ìbáà kéré, ìbáà tóbi. Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí a ṣàkíyèsí níbẹ̀. Èkíní ni ẹni tí yóò pe ọ̀rọ̀ fún akọ̀wé: ẹni tó jẹ gbèsè ni, kì í ṣe ẹni tí a jẹ. Onígbèsè ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ìwé ètò tí olórí ikọ̀ dá kọ lóru, tó wá fi ṣọwọ́ sí gbogbo ènìyàn pé iṣẹ́ rẹ nìyí, ti pàdánù ìdajì agbára rẹ̀. Èyí tí olúkúlùkù kọ ìlà tirẹ̀ sí ni àdéhùn. Èkejì ni pé a yọ káràkátà ojú ẹsẹ̀ kúrò nínú àṣẹ náà. Ohun tí a gbà tí a sì san lójú kan náà, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ bí a kò bá kọ ọ́. Nítorí náà kò sí ìdí tí ikọ̀ fi ní láti kọ gbogbo ìkíni àti ìdáhùn sílẹ̀ títí ìwé náà yóò fi di ẹrù. Ohun tí a ń retí di ọjọ́ iwájú ni kí a kọ. Ẹ̀kẹta ni ìdí tí áyà náà fúnra rẹ̀ sọ fún àṣẹ yìí: ó bá òdodo mu jù, ó mú ẹ̀rí dúró ṣinṣin, ó sì lé iyèméjì jìnnà. Kò sọ pé nítorí pé ẹ jẹ́ olè ni. Ìyàtọ̀ ńlá ló wà láàárín kí a kọ nǹkan nítorí pé a fura sí ẹnìkejì, àti kí a kọ ọ́ kí ìfura má baà rí ibi wọlé.

Àtakò tó lágbára jù tí mo mọ̀ sí gbogbo èyí ni ti Onora O'Neill, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Britain, nínú àwọn àsọyé Reith tí BBC gbé sáfẹ́fẹ́ ní 2002. Ó ní bí a ṣe ń béèrè ìròyìn lórí ìròyìn lọ́wọ́ àwọn dókítà, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba, tí a ń fi ìwọ̀n tí a dá láti òkè wọ̀n wọ́n, ó lè ba iṣẹ́ gidi jẹ́ kí ó sì sọ ìfura di àṣà. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó ń béèrè àkọsílẹ̀ nínú ohun tó ń bá wí: ẹni tó wà lókè, tí kò sí nínú iṣẹ́, ni. Elinor Ostrom, obìnrin àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ọrọ̀ ajé, ní 2009, kọ ìwé ní 1990 nípa àwọn ènìyàn kárí ayé tí wọ́n jọ ń lo omi, igbó tàbí pápá fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún láìbà á jẹ́. Àwọn tó yege nínú wọn ń ṣọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ló ń dá òfin náà, ẹni tó ń ṣọ́ iṣẹ́ sì ń jíhìn fún àwọn tí wọ́n jọ ń lò ó. Ní Valencia ní Sípéènì, àwọn àgbẹ̀ tó ń bu omi láti inú odò kan náà sí oko wọn ní ilé-ẹjọ́ tiwọn, tó ń jókòó ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà kàtídírà, àgbẹ̀ tí àgbẹ̀ yàn sì ni àwọn adájọ́. Kò sí ìwé ìjábọ̀ kankan tó ń lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá níbì kan. Níbi tí wọ́n bá ti ń bu omi ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé, ẹni tí ó kàn ló ń wo ẹni tó ń bu omi lọ́wọ́, bó bá sì di ọ̀la, òun náà ni a ó wò. Bí ìwé ètò ikọ̀ bá rí báyìí, ọ̀rọ̀ O'Neill kò bá a wí. Bó bá di ohun tí olùkọ́ ń wọ inú rẹ̀ lóròòru láti ka iye ìgbà tí ẹnìkan tẹ bọ́tìnnì, ó bá a wí gan-an, ó sì yẹ kí a fi í sílẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò gba ọ̀nà ìwà wọlé. Wọ́n á ní rere tí ènìyàn ṣe nítorí pé wọ́n ń wò ó kò tí ì di ìwà rere. Plato, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Gíríìkì, ti gbé ìbéèrè yìí kalẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ Republic, níbi tí Gláúkọ́nì, ọ̀kan nínú àwọn tó ń jíròrò níbẹ̀, ti sọ ìtàn òrùka kan tó ń sọ ẹni tó wọ̀ ọ́ di àfẹ́ẹ̀rí: bí a bá fún olódodo àti aṣebi ní irú òrùka bẹ́ẹ̀, ṣé ìwà wọn yóò ṣì yàtọ̀? Jésù náà kọ́ni pé kí ọrẹ àánú wà ní ìkọ̀kọ̀. A ní ọmọlúwàbí nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tí kò nílò kí a ṣọ́ òun kí ó tó ṣe ohun tó tọ́. N kò jiyàn pé èyí kì í ṣe òkè tó yẹ kí ọkàn fojú sùn. Ṣùgbọ́n ọrẹ ni ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ wà fún. Ohun tí mo jẹ ẹlòmíràn kì í ṣe ọrẹ. Ẹni tó san gbèsè lójú gbogbo ayé kò pàdánù nǹkan kan nínú iyì rẹ̀, ẹni tó sì ní kí ẹnikẹ́ni má bi òun nípa gbèsè nítorí pé ọmọlúwàbí ni òun, ó ti ń fi orúkọ rere ta ọjà. Àwọn tó tún ní kí a fi ọ̀lẹ lé Ọlọ́run lọ́wọ́ gbàgbé pé Àlùkùráànì tó sọ fún wa pé àwọn máláíkà alákọsílẹ̀ wà lórí ènìyàn, tí wọ́n mọ gbogbo ohun tó ń ṣe, òun náà ló pàṣẹ pé kí àwọn ènìyàn kọ tiwọn. Àkọsílẹ̀ ọ̀run kò mú ti ayé kúrò. Ẹni tí wọ́n sì ń fi iṣẹ́ tirẹ̀ gun òkè láìṣe nǹkan kan, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni ó ń sọnù, kò sì yẹ kí a ní kí ó dúró de ọjọ́ ìdájọ́ nítorí pé ó sú wa láti kọ ìlà márùn-ún.

Àtakò kan wà tí n kò ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú, torí pé òtítọ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Ìwé kò lè rí gbogbo iṣẹ́. Ẹni tó mú èrò tó yí gbogbo iṣẹ́ padà wá lè má kọ ju gbólóhùn méjì lọ. Ẹni tó pẹ̀tù sí ìjà tí ikọ̀ kò fi túká, ibo ni a ó kọ tirẹ̀ sí? Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní dátà, tí iná kò sí ládùúgbò rẹ̀, tó ń fi bíírò kọ tirẹ̀ sínú ìwé kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ní láptọ́ọ̀pù tó bá a tẹ̀ ẹ́, orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Google Docs yóò gbé jáde. Àkọsílẹ̀ tún ṣeé fi parọ́. Láti 1973 tí SIWES, ètò ìkọ́ṣẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà, ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ojoojúmọ́ lọ síbi ìkọ́ṣẹ́, gbogbo wa la sì mọ̀ pé àwọn kan máa ń fi alẹ́ kan kọ ti oṣù mẹ́fà. Kí ló fà á? Nítorí pé ìwé náà jẹ́ ìròyìn sí òkè, tí a ń kọ lẹ́yìn iṣẹ́, tí ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kì í kà. Ìwé tí ẹlẹgbẹ́ mi mẹ́rin ń kà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí iṣẹ́ tiwọn sì dúró de tèmi, kò rọrùn láti parọ́ sínú rẹ̀, nítorí ẹni tó ń retí ìṣirò tí mo ní mo ti parí yóò béèrè rẹ̀ lọ́la. Ìlérí ọjọ́ iwájú ni agbára rẹ̀, nítorí náà ohun tí ẹ̀rọ kà kò gbọ́dọ̀ di òṣùwọ̀n iṣẹ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá tẹ iṣẹ́ ẹlòmíràn, kí ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ti lágbájá ni. Bí ikọ̀ bá mọ̀ pé ìpẹ̀tù-síjà àti àpérò jẹ́ iṣẹ́, kí wọ́n fún un ní ìlà tirẹ̀.

Àánú ni ó kù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rere ló ń sá fún àkọsílẹ̀ nítorí wọn kò fẹ́ dójú ti ẹni tí wàhálà bá: ẹni tí ìyá rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn, ẹni tí owó ilé-ìwé kò jẹ́ kí ó rójú. Ṣùgbọ́n nínú Sura Al-Baqarah kan náà, áyà méjì péré ṣáájú àṣẹ àkọsílẹ̀, a rí áyà 280, tó ní bí ara bá ni onígbèsè, kí a fún un láyè títí yóò fi rọ̀ ọ́ lọ́rùn, tó sì ní bí a bá fi gbèsè náà ta á lọ́rẹ, ó dára jù fún wa. Àánú àti ìwé jókòó ti ara wọn níbẹ̀, n kò sì rò pé èèṣì ni. Gbèsè tí a kò mọ̀ kò ṣeé dárí jì. Níbi tí kò sí ètò, ẹni tí wàhálà bá àti ẹni tó ń sùn rí bákan náà lójú àwọn yòókù, ìbínú kan náà ni wọ́n ń fún àwọn méjèèjì. Níbi tí ètò bá wà, ẹni tó rí i pé òun kò ní lè mú ìlà òun ṣẹ lè kọ ọ́ síbẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, kí ẹlòmíràn gbà á, kí gbogbo wọn sì mọ̀ pé oore ni ẹni yẹn ṣe. Ìgbà náà ni ọ̀wẹ̀ wá ní àyè tirẹ̀ láàárín àáró.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń pín iṣẹ́ àjọṣe, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi orúkọ lásán dá ikọ̀ sílẹ̀ mọ́. Kí ẹ tó gba iṣẹ́ kankan, ẹ gba ìwé ètò lọ́wọ́ ikọ̀ kọ̀ọ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ rí i dájú pé olúkúlùkù ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìlà tirẹ̀, àti pé ọjọ́ tí wọ́n dá ṣáájú ọjọ́ tiyín. Kí àwọn fúnra wọn kọ ohun tí wọn yóò ṣe bí ẹnìkan kò bá mú tirẹ̀ ṣẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ jáde kúrò nínú ìwé náà, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má dúró de olùkọ́ kí ẹ tó ṣe é. Ẹni tó bá dábàá nínú yín pé kí a kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má pè é ní onífura. Ẹ ṣí ìwé náà lálẹ́ tí wọ́n bá pín yín, kí olúkúlùkù kọ gbèsè tirẹ̀ sí i kí gúrúùpù WhatsApp tó dákẹ́.